Bí a ṣe ń ṣe àpótí ìkùukùu nílé, àti bí a ṣe ń fi í tọ ipasẹ̀ neutrino

Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán rí neutrino, ọ̀kan lára àwọn èérún tó kéré jù lọ tí ohun gbogbo pín sí. Kò ní iná mànàmáná lára, kì í fẹ́ fara kan ohunkóhun, bó bá sì dé ilẹ̀ ayé, á gba inú rẹ̀ já sí òdì kejì láìdúró. Àwọn tí oòrùn nìkan ń rán wá tó bílíọ̀nù 65 tó ń gba orí èékánná kan kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lóru pàápàá wọn kì í dín: oòrùn á ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, wọ́n á máa gba ìsàlẹ̀ ibùsùn wọlé, wọ́n á gba òrùlé jáde.

Ṣùgbọ́n neutrino kì í dá wá sáyé. Ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sókè orí wa, ìtànṣán láti òfuurufú máa ń kọlu afẹ́fẹ́, inú ìkọlù náà sì ni èérún kan tí wọ́n ń pè ní pion ti ń jáde. Pion kì í pẹ́ láyé rárá. Bó bá fọ́, ọmọ méjì ló ń bí lẹ́ẹ̀kan náà: muon kan àti neutrino kan. Ìbejì ni wọ́n. Muon ní iná lára, ó máa ń fi ipa sílẹ̀ níbi tó bá gbà. Neutrino kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Àpótí tí a fẹ́ ṣe yìí, Táyé, ìyẹn muon, ni yóò fi hàn yín, lórí tábìlì, láìsí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti rí Táyé, ẹ mọ̀ pé wọ́n bí Kẹ́hìndé pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí

Sípírítì ló ń di oru lókè àpótí níbi tó móoru, tí oru náà á sì máa rọra wálẹ̀ síbi tó tutù gan-an. Bó bá ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan kó dé ìsàlẹ̀, òtútù á ti pọ̀ débi pé ó yẹ kí oru ti di omi, àmọ́ kò rí nǹkan tí yóò dì mọ́. Bí muon bá la ibẹ̀ kọjá, á já electron, èérún fífúyẹ́ tó ní iná lára, kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn átọ́ọ̀mù tó já yẹn ni oru ń dì mọ́, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì yọ, bí ìgbà tí ìrì bá sẹ̀ sára okùn aláǹtakùn láàárọ̀. Muon fúnra rẹ̀ ti lọ tipẹ́ kí ìlà náà tó hàn. Ipasẹ̀ lẹ̀ ń wò, bíi ti ọdẹ.

C.T.R. Wilson, ọmọ Scotland, ló kọ́kọ́ ya fọ́tò irú ipa bẹ́ẹ̀ ní 1911, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1927. Inú irú àpótí yìí ni Carl Anderson ti rí positron, òdì electron, ní 1932, òun àti Seth Neddermeyer sì tún rí muon níbẹ̀ ní 1936. Àpótí ti Wilson kì í ṣiṣẹ́ ju ìgbà kúkúrú lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀. Èyí tí a fẹ́ ṣe kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí òtútù bá ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Alexander Langsdorf ló ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930.

Ohun tí ẹ nílò

Àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja dára jù lọ. Kí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí fífẹ̀ rẹ̀ tó 20, kí gíga rẹ̀ má ju 20 lọ. Bó bá ga jù, oru á pẹ́ kó tó délẹ̀, òtútù kò sì ní lè fa á wálẹ̀ dáadáa. Ẹ yẹra fún ike tó jọ gíláàsì, nítorí sípírítì máa ń mú kí àwọn kan nínú wọn sán wẹ́wẹ́.

Fún ìsàlẹ̀, ẹ wá páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó mílímítà 2 tàbí 3, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 2 yọ jáde lẹ́nu àpótí ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kùn ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè gbẹ dénú. Ọ̀dà tí kò gbẹ dáadáa máa ń yòrò nínú sípírítì. Dídúdú yẹn ṣe pàtàkì, torí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kì í hàn lórí páànù tó ń kọ mọ̀nà.

Sípírítì tí a ń sọ ni isopropyl alcohol 99%. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń lò ó láti fọ pátákó inú fóònù, ọ̀dọ̀ wọn tàbí lọ́jà tí wọ́n ti ń ra ohun èlò wọn ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 70%, tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, kò dára, nítorí omi ni ìyókù rẹ̀, omi yẹn á sì di yìnyín lórí páànù. Mìlílítà 60 tó fún ìgbà kan.

Òtútù ni dry ice yóò mú wá, ìyẹn gáàsì carbon dioxide tí wọ́n mú dì bíi yìnyín, tó tutù dé −78°C. Kílò 3 á gbé yín fún wákàtí kan sí méjì. Àwọn tó ń ta gáàsì fún iléeṣẹ́ ńlá, àti àwọn tó ń kó oúnjẹ dídì rìn ọ̀nà jíjìn, ni kí ẹ wádìí lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó gan-an ni kí ẹ rà á, torí ńṣe ló ń di gáàsì lọ láìyọ́ di omi. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ gbé e sínú kúlà, kí ẹ má sì dé kúlà náà pa.

Ìyókù kò le: aṣọ fẹ́ẹ̀tì (felt) tó nípọn tó mílímítà 5, òòfà (mágnẹ́ẹ̀tì) kéékèèké mẹ́jọ, amọ̀ ìṣeré ọmọdé fún dídí ẹnu àpótí, àti tọ́ọ̀ṣì LED kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ tààrà. Ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ fẹ́ẹ̀tì. Sípírítì á yọ ọ́, fẹ́ẹ̀tì á sì já lulẹ̀ láàárín iṣẹ́. Òòfà kan nínú, èkejì níta, kí gíláàsì wà láàárín wọn: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dì í mú.

Bí dry ice bá ṣòroó rí, àwọn kan ń lo Peltier, pátákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó mílímítà 40 sí 40, tó ń tutù lójú kan, tó ń gbóná lójú kejì bí iná bá wọ inú rẹ̀. Ẹyọ kan TEC1-12706 lè fa iná tó súnmọ́ ampere 6 lórí volt 12. Ẹyọ kan kò lè dé òtútù tí a nílò nínú ooru tiwa. Méjì ni kí ẹ tò léra, èyí tó wà nísàlẹ̀ lórí volt 12, ti òkè lórí volt 5 sí 6, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ olómi tí wọ́n fi ń tu ọpọlọ kọ̀ǹpútà lára sábẹ́ wọn. Ojú tó gbóná yẹn ni gbogbo ìṣòro rẹ̀. Bí a kò bá rí ooru ibẹ̀ gbé kúrò kíákíá, ojú tútù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. Ibi tí ipa yóò ti hàn á kéré, kò ní ju fífẹ̀ pátákó náà lọ, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí iná bá wà, á máa ṣiṣẹ́.

Ewu, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Kílò kan dry ice máa ń di gáàsì tó ju líítà 500 lọ. Gáàsì náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń lọ kórajọ sí, níbi tí ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn ti ń mí. Nítorí náà, ẹ ṣí wíńdò àti ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sínú mọ́tò tí gbogbo gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Ẹ má ṣe dé e sínú ìgò tàbí kúlà tí kò ní ojú ihò, torí yóò bẹ́. Ìbọ̀wọ́ aláwọ tàbí èyí tó nípọn ni kí ẹ fi gbá a mú. Ọwọ́ lásán á bó bí ẹni tí iná jó.

Sípírítì máa ń gbiná kíákíá, oru rẹ̀ pàápàá. Kò gbọdọ̀ sí àbẹ́là, sítóòfù, kọ́ìlì ẹ̀fọn tàbí sìgá nínú yàrá náà.

Bí ẹ ó ṣe tò ó

Ẹ dojú àpótí gíláàsì dé, kí ìdí rẹ̀ di òkè. Ẹ fi òòfà dì fẹ́ẹ̀tì mọ́ ara gíláàsì ní òkè yípo, kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ gbé àpótí náà sókè padà, kí ẹ da sípírítì sórí fẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rin gbingbin, ṣùgbọ́n kó má máa kán. Bó bá ń kán, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan tó bá balẹ̀ á máa da afẹ́fẹ́ inú rú. Ẹ da mìlílítà 10 tó kù sórí páànù dúdú náà kí ó tẹ́ pẹlẹbẹ.

Ẹ wá fọ́ dry ice sí wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ fóòmù kan kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ojú rẹ̀ sì dọ́gba. Ìdí tí a fi ń fọ́ ọ ni pé òkúta ńlá ńlá kì í fara kan páànù káàkiri. Ibi tí kò bá kàn án, ìkùukùu kò ní dá níbẹ̀. Ẹ gbé páànù lé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ óò gbọ́ kó máa dún fíífíí bíi ẹyẹ: gáàsì tó ń sá jáde lábẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ dojú gíláàsì dé sórí páànù, kí ẹ fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ yípo láìku ojú ihò kankan.

Ó yá, ẹ pa iná yàrá. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá pálá lórí páànù, kí ó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ máa wo ó láti òkè níwájú, kí ojú yín má bá ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì lọ.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òjò wínníwínní á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú àpótí náà. Òjò sípírítì ni, kì í ṣe ipa. Ẹ ní sùúrù. Tó bá tó ìṣẹ́jú 10 sí 15, ìlà àkọ́kọ́ á yọ.

Bí a ṣe ń ka ipa

Ìlà tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tọ́ bíi rúlà ni ti muon. Ó lè gba inú àpótí kọjá láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Lórí ilẹ̀, muon tó ń kọjá nínú sẹ̀ǹtímítà kan sí kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ jẹ́ nǹkan bíi ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú kan. Ìsàlẹ̀ àpótí tiwa jẹ́ 30 sí 20, ìyẹn 600, nítorí náà nǹkan bíi muon 10 ló ń gbà á kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ kò ní rí tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìkùukùu ti ń dá kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ọ̀pọ̀ muon sì ń bọ̀ láti òkè tààrà. Ojú kíún lásán ni ipa tiwọn, ó sì lè jọ òjò. Àwọn tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló ń fi ìlà gígùn hàn. Ẹ mú ìwé, kí ẹ ka èyí tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó gba iye kan gbọ́.

Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ wọ́kuwọ̀ku, tó ń yí bí ẹni tí kò mọ̀nà, electron ni. Ó fúyẹ́, gbogbo átọ́ọ̀mù tó bá pàdé ló ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìlà kúkúrú tó sanra ni ti alpha, èérún wíwúwo tí àwọn átọ́ọ̀mù kan ń yọ bí wọ́n bá ń fọ́. Láti ara radon, gáàsì kan tó wà nínú afẹ́fẹ́, ló sábà ń wá, ẹ sì lè rí ọ̀kan tàbí méjì lójijì. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dáadáa, ẹ wá ọ̀pá tungsten tí àwọn wẹ́dà ń fi ṣe iṣẹ́ TIG, èyí tí orí rẹ̀ pupa, tó ní thorium, irin kan tó ń yọ alpha, 2% nínú. Ẹ fi ẹyọ kan sínú àpótí, kí ó ga sókè páànù bíi mílímítà 5. Ìlà funfun á máa ta jáde lára rẹ̀ yípo bí ẹ̀gún ara òòrẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ́ ọ̀pá náà, ẹ má ṣe lọ̀ ọ́, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ ni ewu bí èèyàn bá fà á símú. Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ sì má ṣe tú ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín láti yọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìlà tó tọ́ kan á dúró, tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn á sì gba igun jáde láti orí rẹ̀. Ó lè jẹ́ muon tó dúró tó sì di electron. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín. Electron kan ṣoṣo lẹ rí tó jáde, àmọ́ neutrino méjì ló bá a jáde, wọ́n sì gba ọ̀nà tiwọn lọ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, torí ọ̀pọ̀ muon ń sáré ju ẹni tó lè dúró nínú afẹ́fẹ́ lọ. Electron tó kọlu átọ́ọ̀mù náà máa ń fi irú igun bẹ́ẹ̀ hàn, nítorí náà ẹ gbé fóònù sórí ìdúró, ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà rẹ̀ dúró sórí páànù kó má máa ṣí kiri, ẹ sì fi ya fídíò, kí ẹ lè padà wò ó díẹ̀díẹ̀. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ń sanra sí i bó ṣe ń súnmọ́ igun, ó ń rẹ̀ ẹ́ ni. Muon tó fẹ́ dúró ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá ṣiṣẹ́

Bí òjò wínníwínní kò bá rọ̀ rárá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, òtútù kò dé ojú páànù tàbí sípírítì kò tó. Ẹ tẹ páànù mọ́ dry ice. Bí kò bá dún, ihò wà láàárín wọn, ẹ tún un tẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lé orí gíláàsì fún ìṣẹ́jú kan. Òkè tó bá móoru díẹ̀ ló ń jẹ́ kí oru jáde lára fẹ́ẹ̀tì.

Bí òjò bá ń rọ̀ tí kò sí ìlà, ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè, páànù á sì máa dán sí wọn lójú. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì yí i díẹ̀díẹ̀ títí òjò náà á fi máa tàn bíi eruku nínú ìtànṣán oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé.

Bí ìkùukùu bá ń yí bíi ìjì, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Ẹ tún amọ̀ yẹn dí, kí ẹ sì pa fáànù. Bí ìlà bá ń hàn lápá kan nìkan, páànù fì, sípírítì ti ṣàn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gbé ìwọ̀n bírísíkìlà lé e.

Yìnyín funfun tó ń hù lórí páànù, omi ló fà á. Bóyá sípírítì yín kì í ṣe 99%, tàbí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló wọlé kí ẹ tó dí i. Ní Èkó lákòókò òjò, ọ̀rinrin yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù: ara gíláàsì níta á máa làágùn títí ẹ kò fi ní ríran mọ́. Ẹ máa fi aṣọ tí ẹ rin sípírítì nù ún. Àkókò ọyẹ́ ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù lọ.

Bí ìlà bá ń hàn tẹ́lẹ̀, tó wá di kúrukùru lásán, àwọn átọ́ọ̀mù tó ti já ló kún inú àpótí ju. Ẹ fi aṣọ onírun fa páìpù omi oníke kan títí yóò fi máa fa irun apá yín, kí ẹ gbé e sókè gíláàsì. Iná tó wà lára rẹ̀ á fà wọ́n kúrò, ojú á sì mọ́. Bó bá tó wákàtí kan tí ohun gbogbo ń rọlẹ̀, sípírítì ara fẹ́ẹ̀tì ló ti tán.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí pàápàá kì í fojú kéré irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní OPERA kéde pé neutrino tí wọ́n rán láti CERN, ilé ìwádìí èérún ní Switzerland, lọ sí Gran Sasso ní Ítálì, ìrìn kìlómítà 730, dé ṣáájú ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú 60 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Wáyà ìmọ́lẹ̀ kan tí wọn kò tì wọlé dáadáa wà lára ohun tó fà á. Kí ẹ tó pariwo pé ẹ rí ohun tuntun, ẹ yẹ wáyà wò, ẹ yẹ amọ̀ wò.

Owó tí kò pé

Ẹ padà sídìí ọ̀pá thorium. Ìlà alpha máa ń wà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ìlà inú ọ̀wọ́ kan sì máa ń gùn dọ́gba, torí átọ́ọ̀mù tó bá yọ alpha, iye agbára kan náà ló ń kó fún un nígbà gbogbo. Electron tó ń jáde láti inú átọ́ọ̀mù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan á ní agbára púpọ̀, òmíràn á ní díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n ti wá. James Chadwick ló fi èyí hàn ní 1914. Ó dà bí ìyá ọlọ́jà tó ń rán ọmọ mẹ́wàá jáde pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó pàdé wọn lójú ọ̀nà wá ń bá ₦300 lọ́wọ́ ọ̀kan, ₦750 lọ́wọ́ òmíràn. Níbo ni ìyókù wà?

Onímọ̀ físíìsì Niels Bohr fẹ́ gbà pé bóyá agbára lè ṣòfò lóòótọ́. Wolfgang Pauli, onímọ̀ bíi tirẹ̀, kò gbà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1930, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣèpàdé ní Tübingen ní Jámánì pé èérún mìíràn ló ń bá electron jáde, òun ló gbé ìyókù lọ. Ọdún 26 kọjá kí Frederick Reines àti Clyde Cowan tó rí i mú ní 1956, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù Savannah River ní South Carolina. Láàárín ogunlọ́gọ̀ tó ń gba inú ẹ̀rọ wọn kọjá, nǹkan bíi mẹ́ta ni wọ́n ń rí ní wákàtí kan.

Ara àwa náà ń yọ ọ́. Potassium tó wà nínú ẹran ara wa, èyí tí à ń jẹ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu, ní ẹ̀yà kan tó ń fọ́ díẹ̀díẹ̀. Àgbàlagbà kan ń yọ tó 4,000 neutrino àti antineutrino (òdì neutrino) láti ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí rẹ̀.

Láti orí tábìlì dé inú kòtò

Ẹni tó bá ti ka muon ti wà nídìí ìṣirò kan náà tí wọ́n ṣe ní Super-Kamiokande, ilé ìwádìí neutrino kan ní Jàpáànù. Irú mẹ́ta ni neutrino: ti electron, ti muon àti ti tau. Pion bá fọ́, neutrino irú ti muon kan jáde. Muon náà bá tún fọ́, neutrino irú ti muon kan àti ti electron kan jáde. Nítorí náà, ìrètí ni pé irú ti muon á jẹ́ méjì sí ẹyọ kan ti electron. Wọ́n da omi mímọ́ 50,000 tọ́ọ̀nù sínú ihò tó jìn tó mítà 1,000 lábẹ́ òkè, wọ́n fi gílóòbù tó ju 11,000 lọ yí i ká láti ṣọ́ ìmọ́lẹ̀. Èyí tó wá láti òkè orí wọn, ìrìn kìlómítà 15, pé. Èyí tó gba inú ilẹ̀ ayé kọjá láti òdì kejì, ìrìn tó ju kìlómítà 12,000 lọ, nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ ti pòórá nínú irú ti muon. Wọ́n ti yí padà di irú mìíràn lójú ọ̀nà. Ọdún 1998 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ohun tí kò bá wúwo rárá kò lè yí padà bẹ́ẹ̀, nítorí náà neutrino wúwo, bó tiwù kó kéré mọ. Takaaki Kajita gba Nobel nítorí rẹ̀ ní 2015 pẹ̀lú Arthur McDonald, tí àwọn tirẹ̀ ṣe ti oòrùn ní Sudbury ní Kánádà.

Ìdí tí wọ́n fi ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni àwọn muon tí ẹ rí yẹn: lórí ilẹ̀ wọ́n á pọ̀ débi pé neutrino kò ní hàn láàárín wọn. Áfíríkà wà nínú ìtàn yìí. Ní 1965, nínú kòtò wúrà East Rand ní South Africa, níbi tó jìn ju kìlómítà 3 lọ, Reines àti Friedel Sellschop rí ọ̀kan lára àwọn neutrino àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ẹ̀rọ ènìyàn ló pèsè rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀

Ìwúwo rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ìyípadà yẹn ń sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, kò sọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ní Karlsruhe ní Jámánì, ẹ̀rọ KATRIN, tó gùn tó mítà 70, ti ń wọn electron tó ń jáde lára tritium, ẹ̀yà hydrogen kan tó ń fọ́, ó ń wo àwọn tó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo agbára náà lọ, kó lè mọ iye tó kéré jù tí neutrino gbọ́dọ̀ mú. Àbájáde 2025 wọn ni pé kò lè ju 0.45 eV lọ (eV, electron-volt, ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára àti ìwúwo èérún). Electron jẹ́ 511,000.

Ta ló wúwo jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? A mọ̀ pé méjì súnmọ́ra, ọ̀kan sì dá wà. A kò mọ̀ bóyá ọ̀kan yẹn ló wúwo jù tàbí òun ló fúyẹ́ jù. JUNO ní Ṣáínà, tó ní òróró tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tó 20,000 tọ́ọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èyí ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ní kìlómítà 53 sí àwọn ẹ̀rọ átọ́ọ̀mù. DUNE tí wọ́n ń kọ́ ní Amẹ́ríkà yóò rán neutrino ní kìlómítà 1,300, láti ilé ìwádìí Fermilab dé South Dakota. DUNE yìí kan náà, àti Hyper-Kamiokande, àbúrò Super-Kamiokande ní Jàpáànù, yóò wò ó bóyá neutrino àti antineutrino ń yí padà lọ́nà kan náà. Bí wọn kò bá bára mu, ó lè wà lára ìdí tí ohun gbogbo tó wà láyé fi jẹ́ ti matter, tí antimatter, òdì matter, kò fi ba tiwa jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Èyí tó wú wa lórí jù ni ìbéèrè Ettore Majorana, onímọ̀ físíìsì ọmọ Ítálì, láti 1937: ṣé neutrino àti antineutrino kì í ṣe ẹnì kan náà? Bí wọ́n bá jẹ́ ẹnì kan náà, nínú àwọn átọ́ọ̀mù díẹ̀ tó máa ń yọ electron méjì lẹ́ẹ̀kan, neutrino méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́ nínú átọ́ọ̀mù náà, kí electron méjì nìkan jáde. Láti 1914 ni a ti ń mọ neutrino nípa owó tí kò pé. Níbí, àwọn onímọ̀ jókòó ti germanium-76 àti xenon-136 lábẹ́ òkè, wọ́n ń ro agbára electron méjèèjì pọ̀, wọ́n ń dúró de ìgbà kan tí owó á pé láìku kọ́bọ̀. Fún germanium-76, iye tó yẹ kó pé náà jẹ́ 2,039 keV (keV kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún eV). Wọn kò tíì rí i.